Àwòrán àti Òye Àwùjọ nípa Àyíká: Omíyalé Ògùnpa ní Ìbàdàn

1. Ìfáárà

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Èwo wá ni àwòrán inú ìwé ìròyìn àti ti tẹlifíṣàn nínú méjèèjì? Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìròyìn ni àwòrán, ṣùgbọ́n aṣọ àfojúbà ni ó wọ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó wò ó kì í fi í sábà bèèrè ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Ìbàdàn, níbi tí tẹlifíṣàn ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1959, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

2. Ohun tí àwòrán ń fi hàn

Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún kọjá ààlà rẹ̀, ó sì gbé ènìyàn, ilé àti dúkìá lọ. Bí a bá ya irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní fọ́tò, omi ni a ó rí, àti ọkọ̀ tí ó dojú dé, àti ògiri tí ó wó. Àánú a máa ṣe ẹni tí ó bá rí i, ìrànwọ́ a sì yá. Èyí kì í ṣe ohun kékeré.

3. Ohun tí kò fi hàn

Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí a ti ń kọ́lé sí etí odò náà, tí a sì ń da pàǹtírí sínú rẹ̀, títí ọ̀nà omi fi há. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sí ọjọ́ kan pàtó tí oníròyìn lè pè ní ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀. Nítorí náà, òjò nìkan ni ẹni tí ó wo àwòrán náà yóò dá lẹ́bi. Yóò ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ohun tí a bá sì ti pè ní àmúwá Ọlọ́run, a kì í wá àtúnṣe sí i. Bẹ́ẹ̀ odò yìí ti ṣọṣẹ́ ṣáájú, ní 1963 àti 1978. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún pa ènìyàn púpọ̀ ní Ìbàdàn.

4. Ìgúnlẹ̀

A kò sọ pé kí a má ya àwòrán omíyalé. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a ya odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pẹ̀lú, nígbà tí pàǹtírí kún inú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì sunkún, kí a sì gbé àwòrán méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ibi tí a ti kọsẹ̀ ni à ń wò, kì í ṣe ibi tí a ṣubú sí.