Ṣé O Mọ̀ Pé Kọ̀ǹpútà Ń Ya Fọ́tò Ara Rẹ̀?

Bọ́tìnì kékeré kan wà lápá òkè kíbọọ̀dù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fọwọ́ kàn. Print Screen ni wọ́n kọ sí i, tàbí PrtSc. Sún mọ́bí, kí n fi ohun tó wà nídìí rẹ̀ hàn ọ́.

Ṣé o mọ̀ pé bọ́tìnì yìí kì í ya fọ́tò kankan nígbà tí kọ̀ǹpútà IBM PC jáde ní ọdún 1981? Ìwé gidi ló ń tẹ̀! Tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ Shift, gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lójú kọ̀ǹpútà á sì máa jáde lórí bébà láti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Ṣé o mọ̀ pé lórí Windows 10, bọ́tìnì kan náà ń ṣiṣẹ́ láìfọhùn? Kò dún, kò tan iná, o lè rò pé kò gbọ́, àmọ́ ó ti ya gbogbo ojú kọ̀ǹpútà rẹ tán. Ṣí Word tàbí Paint, tẹ Ctrl àti V, wàá rí i.

Paint yẹn náà kì í ṣe ọmọdé o! Ọdún 1985 ló ti bá Windows àkọ́kọ́ wáyé. Nígbà tí Microsoft kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ohun tí wọ́n lè yọ kúrò ní 2017, àwọn ènìyàn figbe ta, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Ṣé gbogbo ohun tí o ṣí ló yẹ kí ayé rí? Rárá o! Di Alt mú kí o tó tẹ PrtSc, wíndò tí o ń lò lọ́wọ́ nìkan ló máa yà.

Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ PrtSc: ojú kọ̀ǹpútà á ṣẹ́jú fìrí, fọ́tò á sì ti wọ inú fóldà Screenshots tó wà nínú Pictures. Láti Windows 8 ti ọdún 2012 ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, tó sì ń fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀.

Ṣé igun kan péré lo fẹ́? Tẹ Windows, Shift àti S lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn díẹ̀, ìwọ á sì fi máòsì gé ibi tó wù ọ́ bí ẹni fi àlùmọ́gàjí gé ańkárá.

Ṣé o rò pé fọ́tò tuntun ló máa ń lé ti àkọ́kọ́ lọ? Tẹ Windows àti V, kí o gbà pé kó máa tọ́jú wọn. Láti ìgbà náà lọ, kọ̀ǹpútà rẹ á máa rántí ohun 25 tí o dà kọ kẹ́yìn!

Ṣó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ rí? O na ọfà máòsì sí ohun tí o fẹ́ kí ẹnì kejì rí, o tẹ PrtSc, ọfà ò sí nínú fọ́tò. Bọ́tìnì yìí kì í yà á mọ́ ọn; fa ìlà pupa sí ibẹ̀ nínú Paint, ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Kò sí PrtSc lórí kíbọọ̀dù rẹ rárá? Má bọkàn jẹ́. Dán Fn, bọ́tìnì Windows àti Space wò lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣé o mọ̀ pé Mac ò ní bọ́tìnì yìí látilẹ̀? Bọ́tìnì mẹ́ta ló ń gbà: Command, Shift àti 3 fún gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, fi 4 rọ́pò 3 bó bá jẹ́ apá kan lo fẹ́.

Kí ló dé tí kíkà náà bẹ̀rẹ̀ láti orí 3? Lórí àwọn Mac ìgbà àkọ́kọ́, 1 àti 2 ti níṣẹ́ tiwọn: díìsìkì fùlọ́pì ni wọ́n ń tì jáde!

Tún gbọ́ ti Mac kan sí i. Lẹ́yìn tí o bá tẹ Command, Shift àti 4, tẹ Space, ọfà á di kámẹ́rà. Tọ́ka sí wíndò tó wù ọ́. Bí wíndò mìíràn tilẹ̀ bo ìdajì rẹ̀, odindi ló máa jáde.

Fídíò ńkọ́? Láti ọdún 2018, Command, Shift àti 5 ti ń ya ohun tó ń lọ lójú Mac ní fídíò. Áàpù Snipping Tool orí Windows 11 náà ti ń ṣe é.

Ṣé o mọ̀ pé o lè ya ibi tí ojú rẹ ò tíì dé? Nínú Firefox, tẹ Ctrl, Shift àti S, kí o yan odindi ojú ìwé. Á yà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ pátápátá, àti ibi tí o ò tíì yí dé.

Èyí á yà ọ́ lẹ́nu. Ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ láyé, èyí tí Tim Berners-Lee ṣe ní ilé ìwádìí CERN, kò ní screenshot (fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà) kankan! Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yí i padà, kò sẹ́ni tó yà á. Ẹ̀dà ọdún 1992 ni wọ́n ń fi han àlejò.

Kí bọ́tìnì tó dé, kámẹ́rà ni wọ́n ń gbé síwájú kọ̀ǹpútà. Ní 1959, sójà Amẹ́ríkà kan fi Polaroid ya àwòrán obìnrin tó yọ lójú SAGE, kọ̀ǹpútà ńlá tí ológun fi ń ṣọ́ ojú ọ̀run.

Ṣé o rò pé fóònù ló kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ yìí? Ìkókó ni fóònù níbẹ̀! iPhone tó jáde ní 2007 kò lè ya ojú ara rẹ̀, ó di 2008. Android ò sì ní ọ̀nà tó rọrùn fún gbogbo ènìyàn títí di 2011.

Ojú àwọ̀ mélòó ni o rò pé ó wà nínú fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà kan? Bó bá jẹ́ 1920 lọ́nà 1080, ojú àwọ̀ bíńtín-bíńtín tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì jẹ́ 2,073,600. Ti 4K jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin gẹ́lẹ́: 8,294,400!

Kí ló dé tó jẹ́ PNG ni Windows àti Mac fi ń tọ́jú rẹ̀? PNG, irú fáìlì fọ́tò tí wọ́n gbé jáde ní 1996, kì í ju píksẹ́lì kan nù. JPEG a máa dín in kù, létí lẹ́tà lo sì ti máa kọ́kọ́ rí i pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú.

Ṣé o mọ̀ pé o ò nílò láti tọ́jú fọ́tò náà kí o tó fi ránṣẹ́? Yà á, ṣí WhatsApp lórí kọ̀ǹpútà, tẹ Ctrl àti V síbi tí o ń kọ̀wé sí, ó ti dé. Àmọ́ bí lẹ́tà inú rẹ̀ bá kéré, kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, kò ní ṣú.

Idán rèé! Láyé Windows XP, o lè ya fíìmù tó ń lọ lọ́wọ́, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ Paint, kí fíìmù náà sì máa lọ nínú fọ́tò! Ihò aláwọ̀ kan ni PrtSc yà, fíìmù tó ń lọ lẹ́yìn ló ń yọjú níbẹ̀.

Gbìyànjú kí o ya fíìmù Netflix lórí kọ̀ǹpútà, dúdú kirimú lo sábà máa rí. Ààbò tó wà lára fíìmù náà kì í jẹ́ kí PrtSc rí i.

Ṣé o mọ̀ pé fọ́tò tí o fi fóònù yà lè mọ ibi tí o dúró sí nígbà tí o yà á? Ya screenshot rẹ̀, ìrántí yẹn ti lọ: fáìlì tuntun náà kò mọ̀ bóyá Ìbàdàn ni tàbí Bàhíà.

Àmì ohùn Yorùbá ńkọ́? Nínú screenshot, ẹ, ọ àti ṣ kì í di àpótí òfìfo lọ́wọ́ ẹni tó gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń kàwé fún afọ́jú lè má rí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, torí náà kọ àlàyé díẹ̀ tì í.

Múra sílẹ̀ fún èyí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, wọ́n rí i pé apá tí àwọn ènìyàn ti gé nù nínú screenshot ṣì wà nínú fáìlì! Fóònù Pixel ti Google ló ṣe é, Snipping Tool ti Windows 11 náà ṣe é, kí wọ́n tó tún un ṣe.

Ṣé o máa ń fi àwọ̀ tó ṣú bàìbàì bo nọ́ńbà rẹ? Ní 2022, Dan Petro ti ilé iṣẹ́ Bishop Fox gbé irinṣẹ́ kan jáde, Unredacter, tó ń tú irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi píksẹ́lì gàdàgbà-gàdàgbà bò. Àpótí dúdú tó dí pátápátá ni kí o lò.

Ṣé o mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lè tẹ F12 nínú Chrome, kó yí iye owó tó wà lójú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì padà, kó sì yà á? Tún ojú ìwé náà ṣí, irọ́ ti pòórá, ṣùgbọ́n screenshot rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyá ọlọ́jà, ẹ wo àkántì yín kí ẹ tó kó ọjà sílẹ̀!

Kọ̀ǹpútà tó ń ya ojú ara rẹ̀ láìjẹ́ pé o tẹ nǹkan kan ńkọ́? Microsoft kéde rẹ̀ ní 2024, Recall lorúkọ rẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ díẹ̀ ló ń yà. Ariwo sọ, wọ́n fà á sẹ́yìn. Nígbà tó dé ní 2025, ẹni tó bá fọwọ́ sí i nìkan ló ń bá ṣiṣẹ́. Signal, áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́, tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ Recall lórí Windows.

Ṣé o lè gbé screenshot lọ sílé ẹjọ́ ní Nàìjíríà? O lè gbé e lọ! Àmọ́ abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní kí ìwé-ẹ̀rí bá a rìn, tó ń sọ ẹ̀rọ tó ti wá àti pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Ó kù sọ́wọ́ rẹ. Kí o tó fi èyí tó ń bọ̀ ránṣẹ́, wo igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: orúkọ ẹlòmíràn, nọ́ńbà àkántì, ojú ìwé mìíràn tí o ṣí sílẹ̀. Gé e, bò ó, tún un wò, kí o tó jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ rẹ, torí ohun tó bá ti dé fóònù ẹlòmíràn kì í ṣe tìrẹ nìkan mọ́.