Tẹ́tẹ́ ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà: Ọ̀dọ̀ Ta ni Owó náà Ń Lọ?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe àjèjì nínú ilé púpọ̀. Bí kò bá sí ní yàrá bàbá, ó lè wà ní yàrá ọmọ. Bí kò bá sì sí ní yàrá ọmọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo àpò ẹ̀wù ọmọ iṣẹ́ tí ń gbé ọ̀dọ̀ yín.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, a ń kọjá ní oríta Ọláìyá ní Òṣogbo, òjò sì lé wa wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tẹ́tẹ́ kan. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bí ogún wà nínú rẹ̀, ìwé pélébé ní ọwọ́ olúkúlùkù, ojú gbogbo wọn sì wà lára ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán níbi tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ariwo ayọ̀ bí ti ibi eré. Ibẹ̀ pa rọ́rọ́ bí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ọ̀kan nínú wọn wọ aṣọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, epo ọkọ̀ ṣì wà ní ìka rẹ̀. A bi í pé ẹgbẹ́ wo ni ó fẹ́ kí ó borí. Ó tẹríba kí wa, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, kò sí èyí tí mo fẹ́ nínú wọn o. Kí wọ́n ṣáà gbá mẹ́ta wọlé ni.” Ó sọ fún wa pé eré mẹ́wàá ni òun fi ₦200 lé, mẹ́sàn-án ti bọ́ sí i, ó ku ọ̀kan. Kí òjò tó dá, fèrè ti fọn, góòlù méjì péré ni ó sì wọlé. Ọmọ náà ká ìwé rẹ̀, kò sọ ọ́ nù. Ó fi í sí àpò, ó sì jáde sínú ẹrẹ̀.

Àwọn àgbà inú wa kò ní jẹ́ kí a sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni ó dá tẹ́tẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó jẹ́ owó ẹyọ ni a ń ná, a ta tẹ́tẹ́. Ẹni tí gbèsè bá sì wọ̀ lọ́rùn, ìbáà ṣe ti tẹ́tẹ́, ìbáà ṣe ti òkú sísin, a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà títí yóò fi san án. Lẹ́yìn náà ni púùlù dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1923 ni John Moores àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì dá Littlewoods sílẹ̀ ní ìlú Liverpool. Nígbà tí ó yá, àwọn bàbá wa náà jókòó ti ìwé púùlù ní alẹ́, wọ́n ń wá eré tí yóò parí sí ọ̀mì. Ẹlòmíràn nínú wọn kò mọ ibi tí Liverpool gbé wà, ṣùgbọ́n ó lè ka orúkọ àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Scotland láìwo ìwé. Bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá sì sinmi bọ́ọ̀lù, ti Ọsirélíà ni wọ́n ń ta. Kàlòkàlò náà dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni lọ́tìrì tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Baba Ìjẹ̀bú, èyíinì ni Premier Lotto ti Olóyè Kessington Adebutu, ọmọ Ìpẹru ní Rẹ́mọ. NairaBet bẹ̀rẹ̀ ní 2009, Bet9ja ní 2013. Ní ìsinsìnyí, ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ní àpò, ilé tẹ́tẹ́ ni ó gbé kiri.

Ní ti òfin, a kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ṣe òfin lọ́tìrì ní 2005. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó pe ẹjọ́ lé e lórí ní 2008. Ní ọjọ́ 22 oṣù November 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé òfin náà, ó ní ọ̀ràn tẹ́tẹ́ kò sí lábẹ́ àṣẹ àwọn aṣòfin Abuja, ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ẹ̀dùn ọkàn kò ní láti rin ìrìn àjò jìnnà. Ní Òṣogbo ni àwọn aṣòfin wa ń jókòó.

Ohun tí ó jẹ wá lógún jù ni ìṣirò, nítorí a ṣe àkíyèsí pé wọn kì í kọ́ ẹnikẹ́ni ní èyí níbi tí wọ́n ti ń gba owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú lọ́tìrì. Nọ́ńbà 90 ni ó wà nínú rẹ̀, márùn-ún ni wọ́n ń fà jáde. Ẹni tí ó bá mú nọ́ńbà méjì, tí méjèèjì sì wà nínú márùn-ún náà, wọn a san ₦240 fún un lórí ₦1. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá so nọ́ńbà 90 pọ̀ ní méjìméjì, ọ̀nà 4,005 ni a lè gbà so wọ́n; nínú márùn-ún tí ó jáde, ọ̀nà 10 péré ni ó wà. Èyí fi hàn pé nínú nǹkan bí 400 ènìyàn tí ó mú méjì, ẹnìkan ni yóò jẹ. Kí 400 ènìyàn dá ₦1 kọ̀ọ̀kan, ₦400 ni. A san ₦240 fún ẹni tí ó jẹ. ₦160 ńkọ́?

Gbogbo wa ni a mọ alájọ. Ó ń gba owó wa lójoojúmọ́. Ní ìparí oṣù, ó mú ti ọjọ́ kan ṣoṣo, ó sì kó ìyókù fún wa. Síbẹ̀ àwọn ìyá ọlọ́jà a máa kùn sí ti ọjọ́ kan náà. Bí alájọ kan ní ọjà Atákúmọ̀sà ní Iléṣà bá gba ₦400 tí ó sì kó ₦240 padà, ẹ mọ̀ pé fìlà rẹ̀ kò ní bá a dé ilé ní ọjọ́ náà.

Ti bọ́ọ̀lù fara sin ju èyí lọ. Kí a sọ pé eré kọ̀ọ̀kan tí ọmọ mẹkáníìkì wa mú dà bí owó tí a sọ sókè, bóyá orí ni yóò yọ, bóyá ìrù. Ìlọ́po méjì ni ó tọ́ kí a san fún un; ilé tẹ́tẹ́ ní òun yóò san 1.85. Lórí eré kan, kọ́bọ̀ 15 ni ó dín nínú náírà méjì, kò tó ohun tí à ń jà sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá so mẹ́wàá pọ̀, àdínkù ń bímọ lé àdínkù. Ẹ̀ẹ̀kan nínú 1,024 ni mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yóò bọ́ sí i. Ẹni tí ó fi ₦100 lé e, ₦102,400 ni ó tọ́ sí i bí ó bá jẹ, 1.85 tí a sọ di ìlọ́po ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá kò mú jù nǹkan bí ₦46,959 wá. Èyí tí ó ju ìdajì lọ ti di ti onílé tẹ́tẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe pé ó ṣe màgòmágó. Kò nílò rẹ̀. Ẹ sì tún wo èyí: fún ẹnìkan tí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bọ́ sí, ènìyàn mẹ́wàá ni mẹ́sàn-án yóò bọ́ sí. Àwọn mẹ́wàá wọ̀nyí ni yóò padà wá ní Sátidé tí ń bọ̀, nítorí olúkúlùkù wọn gbà pé ó kù díẹ̀.

A kò ní sọ púpọ̀ nípa àwọn tí ń fi àlá mú nọ́ńbà. A tilẹ̀ ti gbọ́ pé àwọn kan ń fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà orin tí a gbé sára pátákó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe kí wọ́n lè kọ orin náà ní ilé, bí kò ṣe kí wọ́n lè ta á ní ọjọ́ Ajé.

Ọ̀ràn yìí dùn wá jù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, nítorí ìran òṣómàáló ni wọ́n. Àwọn bàbá wọ̀nyí ru aṣọ láti Iléṣà lọ sí ìlú onílùú, wọ́n tà á ní àwìn. Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, wọn kò sì dìde títí a fi san án. Láti inú èyí ni orúkọ wọn ti wá. Àwọn ènìyàn fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, èrè orí aṣọ kan kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n òṣómàáló mọ iye tí ó wà ní ìta, ó mọ ẹni tí ó jẹ ẹ́, ó mọ ọjọ́ tí yóò gbà á. Ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni a fi irú owó bẹ́ẹ̀ kọ́ ní Iléṣà.

Òǹkàwé wa kan kọ̀wé láti Òṣogbo, ó bá wa wí. Ó ní bí a bá ń sọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ nìkan ni a máa ń rí. A kì í rí àwọn ọ̀gá tí ń gbá gọ́ọ̀fù, tí àwọn náà ń fi owó lé eré wọn. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Gọ́ọ̀fù kò jìnnà sí wa: ní Ada, ní ojú ọ̀nà Ìbòkun, ni Ọmọọba Tunde Ponnle gbé kọ́ ilé ìtura MicCom pẹ̀lú pápá gọ́ọ̀fù rẹ̀. Fún ẹni tí kò rí i rí, ọ̀pá ni a fi ń lu bọ́ọ̀lù kékeré kan, tí kò tó ẹyin adìẹ, títí yóò fi wọ inú ihò. Ẹni tí ó bá lù ú níye tí ó kéré jù ni ó borí. Àwọn tí ń gbá a fún ìgbádùn, tí wọn kò fi í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ, wà lábẹ́ òfin tí ẹgbẹ́ R&A ní St Andrews ní ilẹ̀ Scotland àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2022, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn owó tí ó ju £700 tàbí $1,000 lọ nínú ìdíje kan. Ní ti tẹ́tẹ́, àwọn olófin náà kò bínú sí i bí àwọn tí ń gbá a bá mọ ara wọn, bí ó bá jẹ́ owó tiwọn nìkan, bí ó bá sì jẹ́ pé eré ni wọ́n wá ṣe.

Ohun kan tún wà nínú gọ́ọ̀fù tí a fẹ́ràn, èyíinì ni pé olúkúlùkù ni a gbẹ́kẹ̀lé láti ka iye tirẹ̀. Ní 1925, nínú ìdíje ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Bobby Jones, ẹni tí kò fi gọ́ọ̀fù jẹun, rí i pé bọ́ọ̀lù òun mì díẹ̀ nígbà tí òun fẹ́ lù ú. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún àwọn onídàájọ́, ó sì fi ọ̀kan kún iye rẹ̀. Nígbà tí eré parí, òun àti Willie Macfarlane dọ́gba. Bí kò bá ṣe ti ọ̀kan yẹn, òun ni ìbá gba ife. Wọ́n tún gbá a, Jones sì pàdánù.

Ìdáhùn wa sí òǹkàwé wa ni èyí: bí ọ̀rẹ́ mẹ́rin bá fi owó lé eré wọn ní Ada, èyí tí ó bọ́ ní ọwọ́ ọ̀kan, ọwọ́ òmíràn nínú wọn ni ó bọ́ sí. Kò sí ẹni karùn-ún tí ń yọ ₦160 kúrò. Síbẹ̀ a kò dá wọn láre pátápátá; ọ̀gá tí ó fi owó oṣù awakọ̀ rẹ̀ lé eré lórí koríko tútù, a kò rí ohun tí ó fi sàn ju ọmọ mẹkáníìkì lọ. Àwa náà ńkọ́, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì ráfù ní báásà ìkórè? A ti ta á rí, a kò lè sẹ́. Òrùlé ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni a fi èrè rẹ̀ kàn.

Ní oṣù tí ó kọjá, obìnrin kan ní Iléṣà, tí ń ta èlùbọ́, ránṣẹ́ pè wá sí ilé rẹ̀. Bíríkìlà ni ọkọ rẹ̀, ẹni jẹ́jẹ́, tí kì í mu ọtí. Obìnrin náà gbé agolo mílíìkì ńlá kan kalẹ̀ níwájú wa. Ìwé pélébé tẹ́tẹ́ ni ó kún inú rẹ̀. A rò pé ọkọ yóò bínú, ṣùgbọ́n òun ni ó tú u sórí tábìlì. Ó ní òun ń tọ́jú wọn kí òun lè mọ ibi tí òun ti ṣìnà. A mú ìwé àti pẹ́ńsù. Ó ń pe iye, a ń kọ. Nínú oṣù mẹ́ta, ₦48,700 ni ó fi lélẹ̀. ₦11,500 ni ó jẹ.

Ìyàwó rẹ̀ kò pariwo. Ó ní, “Baálé mi, owó iléèwé àwọn ìbejì ni ẹ kà tán yìí.”

Ọkùnrin náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, “Ẹ̀yin alàgbà, gbogbo èyí tí mo jẹ ni mo rántí. Èyí tí ó jẹ mí ni n kò kà.” Ó bẹ̀ wá kí a fi ìwé ìṣirò náà sílẹ̀, ó sì fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì.

A tún yà kí wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwé náà ṣì wà níbẹ̀. Ìlà méjì ni ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ kún un, ọ̀kan ₦500, èkejì ₦200.