Ohun tí Kì Í Jẹ́ Kí Tàdáwà Òǹkọ̀wé Gbẹ

Kò ṣòro láti bẹ̀rẹ̀ ìtàn àròsọ. Píparí rẹ̀ ni iṣẹ́. Ti ẹni tí ó dáwọ́ lé ìwé méjì tàbí mẹ́ta tí ó so kọ́ra tilẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtara ni ìwé kìn-ín-ní sábà máa ń bá jáde. Nígbà tí yóò bá fi di ìkejì, ìtara ti dín kù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ kò dín kù. Kí ni ó wá ń gbé òǹkọ̀wé dé òpin irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

D. O. Fágúnwà, tí òun náà jẹ́ olùkọ́, ni àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ni jù lọ. Ní 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Igbó Olódùmarè kò tẹ̀ lé e títí di 1949; ìgbà tí ó di 1954 ni Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje tó dé. Bí ó bá ṣe pé ìtara nìkan ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà, ọdún 11 tó láti pa iná rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ náà gba àfikún. Àkàrà-ògùn ni ó ni ìtàn ìwé kìn-ín-ní. Ìwé kejì kò tún ìrìn àjò rẹ̀ rìn. Ẹ̀yìn ni ó padà sí, sọ́dọ̀ Olówó-ayé, bàbá rẹ̀. Ìkẹta mú ọdẹ mìíràn lọ sí Òkè Ìrònú. Ọdẹ àti igbó ni ó so wọ́n pọ̀, síbẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí òǹkọ̀wé má ṣe ti gbogbo ilẹ̀kùn nínú ìwé àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rere kì í fúnra rẹ̀ kọ ìwé. Ní ti iṣẹ́ ojoojúmọ́, àpẹẹrẹ mìíràn wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni Anthony Trollope nígbà tí ìwé mẹ́fà rẹ̀ lórí Barsetshire, àgbègbè tí ó fi ọkàn ara rẹ̀ dá, jáde láàárín 1855 sí 1867. Nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, tí ó jáde ní 1883 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó ṣàlàyé pé agogo márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ ni òun máa ń jókòó ti ìwé. Ààbọ̀ wákàtí ni yóò fi ka ohun tí ó kọ lánàá, kí ohùn ìtàn náà lè padà sí i létí. Lẹ́yìn náà, yóò gbé aago síwájú, yóò sì máa kọ ọ̀rọ̀ 250 ní ìṣẹ́jú 15. Ó tún ní ìwé tí ó ń kọ iye ojú ewé òòjọ́ sí, tí ọjọ́ ọ̀lẹ fi máa ń hàn gbangba lójú ara rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè sáré bẹ́ẹ̀, kò sì pọn dandan. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ ọ̀rọ̀ 200 kí agogo ilé ẹ̀kọ́ tó lù, ní ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, yóò ní 40,000 ní ọ̀sẹ̀ 40. Kí ó fi ìwé kékeré kan pamọ́ fún orúkọ, ọjọ́ orí àti ìlú àwọn ẹ̀dá ìtàn, kí ẹni tí ó kú nínú ìwé kìn-ín-ní má baà jí nínú ìkejì láìnídìí. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹni tí ó ń dúró de ìtara yóò dúró pẹ́. Ẹni tí ó bá jókòó ti iṣẹ́ ni ìtara sábà máa ń wá bá.