OHUN TÍ Ó YẸ KÍ ỌMỌDÉ LÈ ṢE NÍ ỌJỌ́ ORÍ KỌ̀Ọ̀KAN

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ọwọ́ náà ń gùn sí i. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó yẹ kí ọmọ lè ṣe ní ìgbà kọ̀ọ̀kan kò ní pe ọmọ aláìsàn ní ọ̀lẹ, kò sì ní di ẹrù àgbà lé ọmọdé lórí.

Ìdàgbàsókè ara ni a kọ́kọ́ ń rí. Bí ọmọ bá tó oṣù 3 sí 4, ọrùn rẹ̀ á ti le, á sì máa rẹ́rìn-ín sí ẹni tí ó bá ń bá a ṣeré. Lẹ́yìn náà ni yóò jókòó, tí yóò rákò, tí yóò dìde dúró, tí yóò sì máa rìn tàgétàgé. Àkókò wọn kò dọ́gba. Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwádìí kan jáde ní 2006 lórí àwọn ọmọ ilẹ̀ Gánà, Íńdíà, Norway, Oman àti Amẹ́ríkà. Ó hàn níbẹ̀ pé ọmọ kan lè dá rìn kí ó tó pé oṣù 9, kí òmíràn tí ara rẹ̀ le koko má sì rìn títí di oṣù 17.

Ọ̀rọ̀ sísọ ni ó yẹ kí a ṣọ́ jù. Ọmọ ọdún kan lè pe màmá tàbí bàbá. Ní ọdún 2, ó yẹ kí ó lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bí i "gbé mi". Bí ọmọ kò bá sọ̀rọ̀, tí kì í sì í wẹ̀yìn bí a bá pè é, ó lè jẹ́ pé etí rẹ̀ ni kò gbọ́. Ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kò lè fi ẹnu kọ́ ọ. Nínà kò ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láǹfààní kankan. Ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí wọ́n tètè gbé e lọ.

Ọmọ ọdún 3 sí 4 lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun, ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ kékeré láàárín ilé. Ọmọ ọdún 6 tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ní 1955, ọ̀pọ̀ òbí ni kò kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sílẹ̀. Nítorí náà, àwọn olùkọ́ a máa ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí, kí ó fi kan etí òsì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó, ilé ni yóò padà sí. Òṣùwọ̀n náà kò péye, nítorí pé ọmọ kúkúrú lè ti ju ọdún 6 lọ.

Láti ọdún 7, ọmọ lè gbálẹ̀, kí ó fọ àwo, kí ó sì fi korobá kékeré pọnmi. Bí ó bá tó ọdún 10 sí 12, ó lè dáná bí àgbà bá wà nítòsí.

Ní ìparí, bí o bá ní àbúrò nílé, má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n bí ó bá pé ọdún 2 tí kò sọ̀rọ̀, tàbí tí ó gbàgbé ohun tí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe, tètè sọ fún àwọn òbí rẹ. Kí wọ́n má ṣe dúró de ọjọ́ tí ẹnu rẹ̀ yóò là fúnra rẹ̀.