Ìṣẹ̀rí, Ibi tí Awo ti Rì

Bí a bá dárúkọ Kósọ̀fẹ́ lónìí, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ọjà Máìlì 12: tòmátì, ata, iṣu, àti ọkọ̀ akẹ́rù tí ń ti òkè Ọya bọ̀. Orúkọ ọjà náà pàápàá, òǹkà ojú títì ni. Ṣùgbọ́n kí títì tó dé, odò ni ọ̀nà. Létí odò Ògùn ni Ìṣẹ̀rí wà (kì í ṣe Ìṣẹ̀rí tí ó wà lápá Ìdímù ni mo ń wí o), abúlé kékeré tí ìtàn rẹ̀ kan gbogbo Èkó.

Àwọn àgbà sọ pé nígbà tí Ògúnfúnminíre kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, Ifá ní kí ó gbé awo kan lé orí omi, kí ó sì máa tẹ̀ lé e. Ibi tí awo bá rì sí ni kí ó tẹ̀dó sí. Awo náà dúró díẹ̀ lẹ́bàá Olókèméjì, ó tún dúró lágbègbè Abẹ́òkúta, kò rì. Ìgbà tí ó dé Ìṣẹ̀rí ni ó tó wọ inú omi lọ. Nígbà tí àwọn ènìyàn béèrè awo, èsì tí wọ́n gbọ́ ni pé awo ti rì. Ibẹ̀ ni a ti rí orúkọ Àwórì.

Akẹ́kọ̀ọ́ lè bi olùkọ́ pé, ṣé òótọ́ ni? Awo lè jẹ́ àlọ́. Ọ̀nà tí awo gbà kì í ṣe àlọ́. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ wa: Olókèméjì, Abẹ́òkúta àti Ìṣẹ̀rí tẹ̀ lé ara wọn lẹ́bàá odò Ògùn kan náà, títí dé itòsí ọ̀sà. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ ni ìtàn náà fi pa mọ́ fún wa. Nígbà tí ìbẹ̀rù ogun dé, apá kan nínú wọn ṣí lọ sí Ẹ̀búté-Mẹ́ta, wọ́n sì ti ibẹ̀ lọ sí Ìdó. Àròmirẹ́ wá dá oko ata sí erékùsù tí ó wà lódì kejì, níbi tí Igà Ìdúngànrán wà títí di òní.

Èkó tí ó ti ọ̀dọ̀ wọn jáde ni ó padà wá bo Ìṣẹ̀rí mọ́lẹ̀. Títì ńlá Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 fo odò náà kọjá nítòsí. Ní 2003, ìjọba ìpínlẹ̀ so Ìṣẹ̀rí pọ̀ mọ́ Ìkòsí ní agbègbè ìdàgbàsókè kan. Ilé wá pọ̀ létí omi, àwọn tí ń kọ́ wọn kò sì béèrè ìtàn odò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kẹwàá 2010, lẹ́yìn tí wọ́n tú omi sílẹ̀ láti ibi tí wọ́n sé odò Ọ̀yán sí, odò Ògùn kún bo ilé ní Ajégúnlẹ̀, lẹ́yìn Máìlì 12, àwọn ará ibẹ̀ sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi jáde ní àdúgbò tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ rìn.