Pámpásì kì í ṣe fún ọmọ ọwọ́ nìkan

Láti Ìkọ̀lé sí Ìdó ò jìnnà, síbẹ̀ bàbá mi ò wá síbi ìnáwó wa. Ìtọ̀ ni. Látìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ prostate fún wọn, bí wọ́n bá wúkọ́ báyìí, ìtọ̀ á já. Àkísà ni wọ́n ń dì sábẹ́ ṣòkòtò títí itan wọn fi bó. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Omi gan-an, wọn ò mu ún dáadáa mọ́. Ó mà ṣe o! Ìtọ̀ tó bá ki tún máa ń ta àpò ìtọ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì kan ló là á yé wa. Iṣẹ́ abẹ náà máa ń dẹ iṣan tó ń sé ìtọ̀, ó sì sábà máa ń sàn díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún kan. Kí wọ́n máa fún iṣan náà pọ̀, kí wọ́n ka ení dé àrún, kí wọ́n tú u sílẹ̀, lójoojúmọ́. Kí wọ́n pààrọ̀ pámpásì àgbà kó tó rin gbingbin. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí wọ́n fi fọ ibẹ̀, Dettol kọ́ o! Kí wọ́n fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, kí wọ́n fi Vaseline ra á fẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá ń ṣọyún, dókítà ló kàn.

Lọ́dún 2014, Wole Soyinka sọ ní gbangba pé òun ní jẹjẹrẹ yìí. Ta ló fojú kéré wọn?

Láti Èkó ni mo ti ń fi pámpásì ránṣẹ́ báyìí. "Ṣé ìwé ìròyìn mi ti dé gáréèjì?" ni bàbá mi máa ń bi mí.