Kám̀pù Orin Ìgbà Ooru, Níbi Tí Fíólà Ti Ń Gba Orin

Tí ilé-ìwé bá ti gba ọlidé gígùn ní Amẹ́ríkà, kíláàsì ìṣirò àti ti kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí Yorùbá tó wà níbí máa ń wá kiri fún àwọn ọmọ wa. Ohun tí mo ṣe fún ọmọkùnrin mi náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n fíólà ni àbúrò rẹ̀ obìnrin ń ta, òun ló mú mi mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kám̀pù orin: ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú igbó tàbí lẹ́bàá adágún, tí ọmọ á jí sórí orin, tí á sùn sórí orin. Mo fẹ́ kí àwọn òbí ẹgbẹ́ mi mọ̀ nípa rẹ̀, nítorí n kò tíì rí ẹ̀kọ́ mìíràn tó la etí ọmọ mi tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ fíólà, fáyólìn ni yóò pè é. Ó fi díẹ̀ tóbi ju fáyólìn lọ, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ jù ú lọ. Fáyólìn ló sábà máa ń gba orin lókè, sẹ́lò àti báàsì ńlá á gbé ìsàlẹ̀ dání, fíólà á wà láàárín. Iṣẹ́ omele lẹ́yìn ìyáàlù ló ń ṣe: ẹni tó ń jó lè má kà á sí, àmọ́ bí ó bá dákẹ́, ijó á dàrú.

Albany, ní ìpínlẹ̀ New York, ni à ń gbé. Bí a bá wakọ̀ gba ọ̀nà àríwá fún nǹkan bíi wákàtí méjì, a ó dé àárín àwọn òkè Adirondack, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ Meadowmount wà. Ivan Galamian ló dá a sílẹ̀ ní 1944. Ọmọ Armenia ni, Tabriz ní ilẹ̀ Persia ni wọ́n bí i sí ní 1903. Moscow ló ti kọ́ fáyólìn, ó gbé Paris, kó tó wá sí Amẹ́ríkà ní 1937. Ibi tí ariwo ìlú kò ti ní fa ọkàn ọmọ kúrò lórí iṣẹ́ ló ń wá, ó sì rí i. Àṣà tó fi lélẹ̀ níbẹ̀ le. Wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lóòjọ́ ni ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ń dá nìkan wà nínú yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ohun èlò rẹ̀, ẹnì kan á sì máa rìn káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti mọ yàrá tó ti dákẹ́ jù. Tí wọ́n bá ti fi àádọ́ta ìṣẹ́jú ta á, wọ́n á sinmi fún mẹ́wàá, kí ọwọ́ àti èjìká má baà dá wọn lóró lọ́jọ́ iwájú. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ta orin nígbà ìdánrawò, débi pé ẹni tó ń kọjá lábẹ́ fèrèsé kò ní dá a mọ̀. Wọ́n ní bí ó bá dá a mọ̀, a jẹ́ pé ọmọ náà ti ń sáré jù.

Àwọn tó ti ibẹ̀ jáde kì í ṣe ẹni àfọwọ́rọ́tì. Itzhak Perlman kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, Pinchas Zukerman kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, Yo-Yo Ma tó ń ta sẹ́lò náà sì kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni Joshua Bell nígbà tó lọ, ibẹ̀ ló ti pàdé Josef Gingold tó wá di olùkọ́ rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún irú ìbáwí bẹ́ẹ̀, torí ọwọ́ tí kò bá rin kò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn. Síbẹ̀, mo gbàgbọ́ pé ohun tó yẹ kí òbí kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ kám̀pù ni wákàtí mélòó tí ọmọ òun yóò fi máa bá àwọn ọmọ mìíràn ta orin.

Nínú ọ̀kẹ́strà ni bíbá àwọn mìíràn ta orin ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ méjì ló ń wo ìwé orin kan ṣoṣo lórí ìdúró kan. Èyí tó jókòó sápá inú, tó jìnnà sí àwọn èrò ìwòran, ni yóò dá ọwọ́ dúró láti ṣí ìwé, kí ẹnì kejì rẹ̀ lè máa bá orin lọ. Olórí ìsọ̀rí ni yóò pinnu ibi tí wọn yóò ti ti ọrun sókè àti ibi tí wọn yóò ti fà á wálẹ̀, gbogbo wọn á fi pẹ́ńsù sàmì sí i, ọrun gbogbo wọn á sì máa lọ sí ọ̀nà kan náà. Ọmọ tó bá gbàgbé pẹ́ńsù sílé gbọ́dọ̀ yá ti ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní Interlochen, kám̀pù ńlá tí Joseph Maddy dá sílẹ̀ ní Michigan ní 1928, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọmọ fi ń du àga mọ́ ara wọn lọ́wọ́: ẹni tó wà lẹ́yìn lè pe ẹni tó wà níwájú níjà, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì dìbò lé ẹni tó ta á dáadáa jù. Èyí kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ọmọ tó ń ṣọ́ àga rẹ̀ kò ní ráyè gbọ́ ohùn ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kám̀pù kékeré kan ní Vermont ni ọmọ mi lọ. Wọ́n fi í sínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin: fáyólìn méjì, fíólà kan, sẹ́lò kan, kò sí olùdarí kankan tó ń ju ọwọ́ níwájú wọn. Haydn ni wọ́n fún wọn, ìkẹta nínú àwọn orin Opus 76, tó kọ ní ọdún 1797. Orin apá kejì rẹ̀ ni Jámánì sọ di orin orílẹ̀-èdè wọn, ẹni tó bá ń wo bọ́ọ̀lù ti gbọ́ ọ rí. Ohun tí Haydn ṣe dùn mọ́ mi nínú. Lẹ́yìn tí fáyólìn àkọ́kọ́ bá ti gbé orin náà kalẹ̀, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún fáyólìn kejì, ó gbé e fún sẹ́lò, lẹ́yìn náà ó gbé e fún fíólà, kó tó dá a padà fún ẹni tó ni ín. Kò yí orin padà. Àwọn tó yí i ká ló ń yí ohun tí wọ́n ń ṣe padà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gba àwa òbí láyè láti wọlé, olùkọ́ wọn, obìnrin kan tó ń ta sẹ́lò, ní kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kẹ́yìn síra wọn, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kò rí ojú ara wọn. Èémí fáyólìn àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n lè fi mọ ìgbà tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, kò bára mu. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bára mu, ọmọdékùnrin tó ń ta sẹ́lò bú sẹ́rìn-ín, olùkọ́ sì ní kí wọ́n má dúró. Nígbà tó kan fíólà, ọmọ mi ta á, àwọn mẹ́ta tó kù rẹ ohùn sílẹ̀ fún un láìjẹ́ pé ẹnì kankan sọ fún wọn. Nínú mọ́tò ló ti wí fún mi pé, “Mọ́mì, wọ́n ń dúró dè mí.” Ọmọ tó ti ń bẹ̀ mí láti ọdún tó kọjá pé òun fẹ́ padà sí fáyólìn nìyẹn o.

Toby Perlman, ìyàwó Itzhak tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, mọ ohun tí fífetí sí ara ẹni ń ṣe fún ọmọ. Meadowmount ló ti gbọ́ tí Itzhak ta Tzigane, orin Ravel, ní 1964, ó lọ bá a lẹ́yìn orin náà ó sì ní kí ó fẹ́ òun. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó lóòótọ́. Ní 1994, Toby dá kám̀pù tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tó wà ní Shelter Island báyìí. Àwọn ọmọ ibẹ̀ náà ń ta orin fún ọ̀pọ̀ wákàtí, àmọ́ gbogbo wọn ló tún ń kọrin pa pọ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun èlò olókùn ni wọ́n wá kọ́. Ẹni tó bá ti fi ọ̀fun ara rẹ̀ kọrin mọ ibi tí èémí ti ń já, ọrun rẹ̀ náà á sì mọ̀ ọ́n.

Ohun kan ṣì ń dùn mí. Ní 1944 kan náà tí Galamian ń ṣí Meadowmount, ọmọ Yorùbá kan tó ń gbé London, Fẹlá Ṣówándé, tó kàwé ní CMS Grammar School ní Èkó, kọ African Suite fún ọ̀kẹ́strà olókùn. Akinla, apá tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀, ní ijó háílàìfù nínú. Ó dára fún ọmọdé láti ta, kò sì rọrùn jù. N kò gbọ́ ọ ní kám̀pù ọmọ mi. Mo ti kọ lẹ́tà sí wọn nípa rẹ̀, mo sì ní kí àwọn òbí tó kù kọ tiwọn.

Owó kám̀pù wọ́n o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní owó ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tètè béèrè ló ń rí i, nítorí náà ẹ béèrè lọ́jọ́ tí ẹ bá gba fọ́ọ̀mù. Ìgbà òtútù ni wọ́n sábà máa ń gba fídíò ìdánwò, kì í ṣe ìgbà tí ooru bá ti dé. Orin tí Bach kọ fún sẹ́lò, tí wọ́n tún tò fún fíólà, ni ọmọ mi ń múra sílẹ̀ báyìí. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè ohun tó wù ú jù, ó kọ ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin síbẹ̀, ó sì gbé e wá fún mi kí n fọwọ́ sí i.